ẸYẸLÉ KÌ Í JẸ̀BI

Bí ọmọ kan bá hùwà tí kò dára ní ìgboro, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń ti ẹnu àwọn ènìyàn jáde. Ẹnì kan yóò wí pé, "Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́ ọ." Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Àwọn olùkọ́ òde òní kò ṣiṣẹ́ mọ́." Ẹnì kẹta yóò mi orí, yóò sì wí pé, "Bí orí ọmọ náà ṣe rí nìyẹn." Ẹni àkọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òbí, ẹnì kejì dì í ru olùkọ́, ẹnì kẹta sì dì í ru ọmọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà olúkúlùkù yóò bá tirẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀, bí ẹni pé nígbà tí a bá ti rí ẹni tí a ó dá lẹ́bi, iṣẹ́ ti parí.

Òǹkàwé mi, mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí. Èmi náà ti sọ wọ́n rí, pàápàá èyí tí ó kẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò: nígbà tí ẹ̀dá bá ṣe ohun tí kò yẹ, níbo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó dájọ́? Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́, n ó sọ ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó fi nǹkan bí 60 ọdún wádìí ohun tí ó ń mú kí ẹ̀dá máa hùwà bí ó ti ń hù ú. Burrhus Frederic Skinner ni orúkọ rẹ̀. Eku àti ẹyẹlé ni ó fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1904 ni a bí i ní Susquehanna, ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Amòfin ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni Skinner ti fẹ́ràn àtimáa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan. Ìyá rẹ̀ a máa bá a wí nítorí pé kì í fi aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ kọ́ bí ó bá jí ní òwúrọ̀. Ọmọ náà kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn, kò sì búra pé òun kò ní gbàgbé mọ́. Ńṣe ni ó na okùn láti ìkọ́ aṣọ wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bí aṣọ bá wà lórí ìkọ́, ẹnu ọ̀nà á mọ́ gbangba. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, pátákó kékeré kan yóò rọ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà láti rán an létí pé kí ó lọ fi aṣọ rẹ̀ kọ́. Fi ìtàn kékeré yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ní ọdún 1926 ó gba oyè ní Hamilton College, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkọ̀wé ìtàn ni ó fẹ́ dà. Ó padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀, ó jókòó ti tábìlì ìkọ̀wé fún bí ọdún kan, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kò ní ohun pàtàkì kan láti sọ. Ní àkókò ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ni ó ka ìwé Ivan Pavlov ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti ti John Watson ti Amẹ́ríkà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ìmọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá. Ní 1928 ó wọ Yunifásítì Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1931.

Pavlov ti fi hàn pé bí a bá ń jẹ́ kí ajá gbọ́ ìró kan kí a tó fún un ní oúnjẹ, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, yóò di ọjọ́ kan tí ìró náà nìkan yóò mú kí itọ́ máa dà ní ẹnu ajá. Ohun tí ó ṣáájú ìṣe ni Pavlov wò. Skinner ní tirẹ̀ kọjú sí ohun tí ó tẹ̀lé ìṣe. Ó bèèrè pé: nígbà tí ẹ̀dá bá ti ṣe nǹkan tán, kí ni ó rí gbà nídìí rẹ̀? Bí ohun tí ó tẹ̀lé e bá dára fún un, yóò tún un ṣe. Bí kò bá sí nǹkan kan tí ó tẹ̀lé e, bó pẹ́ bó yá, yóò fi í sílẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí kí a tó bí Skinner, nítorí wọ́n wí pé, "Yinni yinni, kí ẹni ṣe òmíràn." Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a mọ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí a jókòó tì í tọ̀sán tòru, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé.

Ohun tí Skinner ṣe nìyẹn. Ó kan àpótí kan, ó fi ọ̀pá irin kékeré sí ara ògiri rẹ̀ nínú, ó sì fi eku tí ebi ń pa sí i. Bí eku náà ti ń rìn kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣèèṣì tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, hóró oúnjẹ kan yóò sì bọ́ sílẹ̀ fún un. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Lẹ́yìn àpótí, Skinner so kálàmù kan mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí ìwé lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbàkígbà tí eku bá tẹ ọ̀pá, kálàmù á gbéra sókè díẹ̀. Bí eku bá ń yára tẹ̀ ẹ́, ìlà orí ìwé yóò ga bí òkè. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ìlà náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Báyìí ni ìṣe, tí í kọjá lọ bí atẹ́gùn, ṣe di ohun tí a lè fi ojú rí, tí a sì lè tọ́jú pa mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀rọ tí ń já oúnjẹ sílẹ̀ há. Eku tẹ ọ̀pá, kò rí nǹkan. Ó túbọ̀ yára tẹ̀ ẹ́. Ó sinmi, ó tún gbìyànjú. Díẹ̀díẹ̀ ó rẹ̀wẹ̀sì, ó sì pa á tì. Gbogbo rẹ̀ hàn lórí ìwé bí ìlà tí ó kọ́kọ́ ń gòkè, tí ó sì wá ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí pẹrẹsẹ. Ẹlòmíràn ì bá bínú pé iṣẹ́ òun bàjẹ́. Inú Skinner dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà, ìṣọ́ra ńlá ni ó fi ń sọdá títì, kí ikú má baà mú un lọ pẹ̀lú ohun tí ó rí kí ó tó rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ní ìgbà mìíràn, hóró oúnjẹ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fẹ́ tán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ó má baà fi gbogbo ọjọ́ náà ṣe òmíràn, ó pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun yóò máa san èrè fún eku ní ìṣẹ́jú kan, iye ìgbà yòówù kí ó tẹ ọ̀pá. O lè rò pé eku náà yóò ṣọ̀lẹ. Kò ṣọ̀lẹ. Ó ń tẹ ọ̀pá náà lọ láìdáwọ́ dúró, nígbà tí a sì dá èrè dúró pátápátá, ó pẹ́ púpọ̀ ju eku tí a ń san èrè fún ní gbogbo ìgbà kí ó tó ṣíwọ́. Ìwọ tí o ti rí àgbàlagbà tí ó dúró ti ẹ̀rọ kàlòkàlò, tí ó ń fi owó oúnjẹ ilé rẹ̀ sí i, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀rọ náà kì í san owó ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀ láti san ni àwọn ènìyàn yóò fi í sílẹ̀. "Bóyá èyí tí ó kàn" ni okùn tí ó fi ń so wọ́n mọ́lẹ̀. Skinner àti Charles Ferster ṣe irú ìdánwò yìí lọ́nà púpọ̀ pẹ̀lú ẹyẹlé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ńlá kan ní 1957.

Láti 1936 títí di 1945 ni Skinner fi kọ́ni ní Yunifásítì Minnesota. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó gbìyànjú láti kọ́ ẹyẹlé pé kí wọ́n máa darí bọ́ǹbù. Ẹyẹlé yóò wà ní imú bọ́ǹbù, yóò máa wo àwòrán ibi tí a fẹ́ jù ú sí, yóò sì máa sọ ọ́ ní ẹnu kí bọ́ǹbù má baà ṣìnà. Àwọn ẹyẹlé mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, a kò sì lò wọ́n rí. Lójú tèmi ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀dá tí kò mọ ìdí ogun kò yẹ kó kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró de àṣẹ ní òkè ilé ìlọ ìyẹ̀fun kan ní Minneapolis, ní 1943, wọ́n ṣe ohun kan tí ó níye lórí fún gbogbo olùkọ́.

Wọ́n fẹ́ kí ẹyẹlé kan fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan. Wọ́n dúró títí kí ó gbá a, kí wọ́n lè fún un ní oúnjẹ. Kò gbá a. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n yí ọ̀nà padà. Bí ẹyẹlé náà bá ti wo bọ́ọ̀lù lásán, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ó ń wò ó dáadáa, wọ́n dúró títí yóò fi sún mọ́ ọn kí wọ́n tó fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró títí yóò fi fi ẹnu kàn án. Kò pẹ́ rárá tí ẹyẹlé náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù kiri inú àpótí bí ọmọdé tí ó wà ní pápá. Skinner sọ pé ẹnu ya òun. Bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò láti ìdí amọ̀ lásán, tí kì í sì í bínú sí amọ̀ pé kò tíì di ìkòkò, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n mọ ìṣe ẹyẹlé náà láti ìwòye kan ṣoṣo.

Nínú ìwé ìtàn kan tí Skinner tẹ̀ jáde ní 1948, tí ó pè ní Walden Two, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìtàn náà sọ bí òun ti máa ń bínú sí ẹranko tí òun ń dán wò nígbà tí kò bá ṣe bí òun ti rò, títí ó fi yé òun pé ẹranko kì í ṣàṣìṣe. Òun tí òun ṣètò ìdánwò ni òun ṣàṣìṣe. Òǹkàwé mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyẹlé kì í jẹ̀bi. Bí ó bá kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, kí a má bi í pé kí ló ṣe é. Kí a bi ara wa pé kí ni a tò síwájú rẹ̀, kí ni a sì fi tẹ̀lé ìgbìyànjú rẹ̀.

Nígbà tí Skinner ti padà sí Harvard, ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, ó lọ sí ilé ìwé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní ọjọ́ tí a pe àwọn bàbá wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ó rí i pé àwọn kan ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ń jókòó lásán. Àwọn mìíràn ń làágùn lórí ohun tí kò yé wọn. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kùnà títí olùkọ́ yóò fi gbé ìwé lọ yẹ̀ wò. Ó wá sí i lọ́kàn pé ẹyẹlé inú àpótí òun ń rí ìtọ́jú ju àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ. Kò bú olùkọ́ náà, nítorí kò sí bí ènìyàn kan ṣoṣo ṣe lè dá gbogbo ọmọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lọ sílé, ó kan ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé ìbéèrè jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá òun gbà á, kí ó tó lọ sí èyí tí ó ṣòro jù ú lọ díẹ̀.

Ní ti ìyà ńkọ́? Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1938, Skinner ròyìn ìdánwò kan. Ó dá oúnjẹ dúró fún àwọn eku kan tí wọ́n ti mọ ọ̀pá tẹ̀, ó sì ṣe é kí ọ̀pá náà máa ta padà gbá ẹsẹ̀ apá kan nínú wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tí a gbá lẹ́sẹ̀ dáwọ́ dúró kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbáni náà dópin, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kejì, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ti bá ti àwọn tí a kò gbá dọ́gba. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ìyà tí ó le lè tẹ ìwà rì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ohun kan kò yí padà: ìyà lè sọ fún ọmọ pé "Má ṣe èyí," kò lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe dípò rẹ̀; ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ohun tí ọmọ ń kọ́ nídìí pàṣán ni bí a ti í sá fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́.

N ó jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ dé. Mo mú pàṣán, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ní àràárọ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò gba ẹgba mẹ́ta. Kí oṣù kan tó pé, iye àwọn tí ń pẹ́ ti dín kù gidigidi, mo sì ń yin ara mi. Ṣùgbọ́n ní òpin táàmù, nígbà tí mo ṣí ìwé ìpè láti ṣírò iye àwọn tí ó wá sí ilé ìwé, mo rí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tí kò wá rárá ti pọ̀ sí i. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé òun ti pẹ́ kì í sáré bọ̀ mọ́. Inú oko ọsàn ni ó ń yà sí, títí agogo ìparí ilé ìwé yóò fi lù.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí mo nà ní òwúrọ̀ mẹ́rin léraléra. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e n kò rí i mọ́, n kò sì wá a lọ. Mo wí pé bí orí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, táyà ọkọ̀ mi jò lójú ọ̀nà, mo yí i lọ sọ́dọ̀ fọ́kánásà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Òun ni. Ó lẹ táyà náà, ó sì kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Mo bi í ohun tí ó mú un fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Odò ni mo ti kọ́kọ́ ń lọ pọn omi tí ìyá mi fi ń ṣe ẹ̀kọ tà. Bí mo bá ti gbé omi kalẹ̀, eré ni mo máa ń sá wá sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń mọ̀ pé asán ni eré tí mo sá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa eré yẹn. Ọmọ náà wo bọ́ọ̀lù, ó sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré tọ̀ ọ́. Ohun tí ó sì bá lẹ́nu ọ̀nà ni ẹgba. Èmi kò rí eré. Pípẹ́ nìkan ni mo rí. Bí mo bá ti bi í léèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, bóyá ì bá ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ fọ́kánásà kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yàn án. Èmi ni mo fi pàṣán mi yàn án fún un.

Ṣùgbọ́n, òǹkàwé mi, má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kan wo ọ̀rọ̀. Ní 1959, Noam Chomsky, onímọ̀ èdè, kọ̀wé láti tako ìwé tí Skinner kọ nípa bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí i pé ọmọdé ń sọ gbólóhùn tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì san èrè rẹ̀ fún un rí. Nítorí náà, nǹkan wà nínú ọmọ ènìyàn tí àpótí àti hóró oúnjẹ kò lè ṣàlàyé. Ní 1971 ẹ̀wẹ̀, Skinner tẹ ìwé kan jáde, Beyond Freedom and Dignity, nínú èyí tí ó ti sọ pé ohun tí ó yí ènìyàn ká ni ó ń darí ìwà rẹ̀, kì í ṣe òmìnira kan tí ó wà ní inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Wọ́n bèèrè pé: bí kò bá sí ẹ̀bi, ṣé ìyìn yóò wà? Bí a bá sì gbà pé a lè mọ ìwà ènìyàn bí ìkòkò, ta ni yóò jẹ́ amọ̀kòkò, ta ni yóò sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn kan tí wọ́n fi irú ìmọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun rere, ṣùgbọ́n wọ́n tún lo ìgbátí àti iná mànàmáná fún àwọn mìíràn. Ìmọ̀ dà bí ọ̀bẹ. Kì í bèèrè ohun tí a fẹ́ fi í gé.

Skinner pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́ ìkánjú. Ó kan ibùsùn kan fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí a bí ní 1944. Ó bò ó yí ká, ó fi gíláàsì sí iwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń wọ inú rẹ̀, kí ọmọ lè máa ta ẹsẹ̀ ta ọwọ́ láìsí pé a fi aṣọ tí ó nípọn dì í. Àwọn ènìyàn gbọ́ pé àpótí ni, wọ́n sì ń sọ ọ́ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó tọ́ ọmọ rẹ̀ bí eku, pé orí ọmọ náà dàrú, àti pé ó pa ara rẹ̀. Irọ́ ni. Ọmọ náà dàgbà, ó di ayàwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 2004 pé kò sí èyíkéyìí tí ó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀. Wò ó bí ó ti rọrùn tó láti dá ẹni lẹ́bi ju kí a bèèrè lọ.

Kí ni kí a wá gbà? Ní tèmi, mo gbà pé òtítọ́ kan náà ní ẹnu ọ̀nà méjì, ó sì yẹ kí a mọ ibi tí a ó gbà wọlé. Bí o bá ń wo ẹlòmíràn tí ó ṣàṣìṣe, pàápàá ẹni tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ, rántí pé ẹyẹlé kì í jẹ̀bi: kọ́kọ́ wo ohun tí ó yí i ká, kí o sì bèèrè ohun tí ìgbìyànjú rẹ̀ mú wá fún un. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wo ara rẹ, má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwíjàre. Má ṣe wí pé, "Ilé wa ni kò dára, àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ó fà á." Ẹyẹlé kò lè ṣí àpótí rẹ̀ wò, kò sì lè tún un tò. Ìwọ lè ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ ènìyàn àti ẹyẹlé nìyẹn, níbẹ̀ sì ni ẹ̀bi àti ìyìn rẹ wà.

Skinner fúnra rẹ̀ fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ẹ̀rí èyí, láti ìgbà pátákó aṣọ àwọ̀sùn títí di ọjọ́ ogbó. Ní kùtù ni ó máa ń jí láti kọ̀wé. Ó so aago kan mọ́ iná tábìlì rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí iná náà bá tàn ni aago ń rìn, ó sì ń ya ìlà iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ sórí ìwé, bí ó ti ya ti àwọn eku rẹ̀. Nígbà tí ogbó dé tí ó ń gbàgbé nǹkan, ó gba àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá gbọ́ pé òjò yóò rọ̀, kí wọ́n lọ fi agbòjò kọ́ ìdímú ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń jáde. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ òjò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1990, ó ṣì dúró níwájú àwọn onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti mú un. Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú, ní ẹni ọdún 86.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá ń pẹ́ lórí ibùsùn, má kàn búra pé ọ̀la yóò dára; gbé aago jìnnà sí ọwọ́ rẹ, kí o baà dìde kí o tó lè pa á. Bí eré bá ń gba àkókò ìwé lọ́wọ́ rẹ, yí ibi tí o ń jókòó sí padà. Bí àbúrò rẹ bá sì gbìyànjú ohun kan tí kò tíì pé, yìn ín lórí ibi tí ó dé, kí ó lè lọ síwájú. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí a fi ọ́ ṣe olùkọ́ tàbí òbí, tí ọmọ kan sáré dé iwájú rẹ ní òwúrọ̀ tí agogo ti lù, wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó wo aago. Bí eruku bá wà níbẹ̀, bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí a sì fi ṣe olórí àwọn ọmọdé, omi tiwọn pẹ̀lú wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti dà.